Kí Ló Dé Tí Wọn Kì Í Kàn Já Wọlé?

Níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Lágere, n'Ilé-Ifẹ̀, ẹ ò ní ṣàìbá èèyàn mẹ́fà tàbí méje láàárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé láìra ìwé. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn rí nílé ẹ̀kọ́ girama, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ogun, èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí. Láìpẹ́ yìí, ìròyìn ìjínigbé kan jáde, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò nípa àwọn sójà àkànṣe tó máa ń lọ gba ẹni tó wà nígbèkùn sílẹ̀. Mo kọ díẹ̀ nínú wọn síbí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn àti ohun tí mo tún rántí nígbà tí mo délé.

Ìbéèrè (awakọ̀ kan tó ń ná Ifẹ̀ sí Oǹdó): Tíṣà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Delta Force l'Amẹ́ríkà, ta ni wọ́n gan-an?

Ìdáhùn: Sójà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Abẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, Fort Bragg ní ìpínlẹ̀ North Carolina sì ni ibùdó wọn. Charles Beckwith ló dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 1977. Ọkùnrin yìí ti lọ bá àwọn sójà àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn SAS, ṣiṣẹ́ lọ́dún 1962. Ohun tó rí lọ́dọ̀ wọn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi ń rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ni kíkojú agbésùnmọ̀mí àti gbígba ẹni tó wà nígbèkùn sílẹ̀.

Ẹni tó ti di sójà gidi ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á sì tún já ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Nínú ìdánwò wọn, olúkúlùkù á dá rìn lórí òkè, nǹkan bíi kìlómítà 64, pẹ̀lú ẹrù wúwo lẹ́yìn. Ẹ fojú inú wò ó: kéèyàn fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Iléṣà, kó tún fẹsẹ̀ rìn padà, kó jẹ́ òkè ni gbogbo ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ aago tó gbọ́dọ̀ dé fún un.

Ìbéèrè (ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun): Ṣebí gbogbo sójà ló mọ ìbọn í yìn? Kí ni wọ́n ń ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún?

Ìdáhùn: Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Munich, nílẹ̀ Jámánì, ló la ayé lójú. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1972, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì, àwọn ọmọ Palẹ́sítínì kan kó àwọn eléré ìdárayá Ísírẹ́lì nígbèkùn. Ọlọ́pàá tí kò kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ni wọ́n ní kó lọ gbà wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá náà ń gun òrùlé, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú yàrá tí àwọn agbébọn náà wà. Wọ́n ń wo àwọn tó fẹ́ wá ká wọn mọ́lé! Kó tó di pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì 11 àti ọlọ́pàá kan ti bá a lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Jámánì dá GSG 9 sílẹ̀, ọlọ́pàá àkànṣe ni wọ́n. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1977, àwọn yìí wọ bàálù Lufthansa kan tí wọ́n já gbà lọ sí Mogadishu, ní Somalia. Àwọn tó já bàálù náà gbà ti pa awakọ̀ rẹ̀ kó tó dọjọ́ yẹn, àmọ́ gbogbo èrò 86 ló jáde láàyè. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín ìjákulẹ̀ yẹn àti àṣeyọrí yìí.

Nígbà tí mo bá rí ẹni tó ń fi fóònù ya ọkọ̀ sójà tó ń wọ igbó, tó sì ń tari fídíò náà sórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ Munich ni mo máa ń rántí, inú mi kì í sì í dùn. Àwọn ajínigbé náà ní fóònù.

Ìbéèrè (awakọ̀ yẹn náà): Tí wọ́n bá gbóná tó báyìí, kí ló dé tí wọn kì í kàn já wọlé? Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti kékeré, orúkọ mìíràn lẹ ń pè é. Nígbà tí àwọn ará Ìgbò ń wá kó wa lẹ́rú, ṣé a kò ní akọni ni? A ní wọn. Ohun tí a kò ní ni ìmọ̀. A rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó gbé láàárín wọn, ó sì rí i pé ìko àti koríko lásán ni wọ́n ń gbé wọ̀. Ìgbà tó padà wálé tó sọ ọ́ ni ògùṣọ̀ tó di ohun ìjà. Ṣé iná kò ti wà n'Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ wo gbogbo ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti yọrí sí rere, ẹ ó rí Mọremí kan níbẹ̀. Lọ́dún 1976, wọ́n já bàálù Air France gbà lọ sí Entebbe, ní Ùgáńdà. Àwọn ajínigbé tú ọ̀pọ̀ èrò tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì sílẹ̀, àwọn yìí dé Paris, wọ́n sì ṣàlàyé iye agbébọn tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ wọn. Iléeṣẹ́ Ísírẹ́lì kan ló kọ́ ilé tí wọ́n kó wọn sí, nítorí náà àwòrán ilé náà wà nílé. Lóru ọjọ́ 4 oṣù keje, àwọn sójà Ísírẹ́lì fò nǹkan bíi 4,000 kìlómítà lọ síbẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn 102 wálé. Ọ̀gá tó ṣáájú àwọn tó wọlé, Yonatan Netanyahu, kú níbẹ̀.

Ti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1980, wú mi lórí jù. Àwọn agbébọn mẹ́fà gba ẹ́ńbásì Ìráànì, wọ́n kó èèyàn 26 nígbèkùn. Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn SAS fi dúró. Dídúró yẹn, iṣẹ́ ni. Ọlọ́pàá ń bá àwọn agbébọn náà sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ń lu ihò sára ògiri kí wọ́n lè ki ẹ̀rọ agbóhùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí àwọn bàálù tó fẹ́ balẹ̀ máa fò lọ́lẹ̀ kí ariwo wọn lè bo ti ihò náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ilé náà sọ fún wọn pé ìbọn kò lè ran àwọn fèrèsé kan nísàlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọkùnrin yẹn, ibẹ̀ ni wọn ì bá gbà wọlé, wọn ò sì ní ríbi wọ̀. Ìgbà tí àwọn agbébọn náà pa ẹnì kan tí wọ́n ju òkú rẹ̀ síta ni àṣẹ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú 17, ó ti parí. Wọ́n ti tú èèyàn márùn-ún sílẹ̀ ṣáájú; nínú àwọn tó kù, ẹnì kan sí i kú nínú ìgbèkùn, 19 jáde láàyè.

Ibi tí ìmọ̀ kò sí, ẹ wò ó. Lọ́dún 1970, àwọn sójà Amẹ́ríkà wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Son Tay ní Vietnam láti gba àwọn ènìyàn wọn. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ wọ́n bá ọgbà náà lófìfo: wọ́n ti kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò lóṣù bíi mẹ́rin sẹ́yìn. Lóṣù kẹta ọdún 2012, ní Sókótó tiwa níbí, àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà lọ gba ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ Ítálì kan. Àwọn ajínigbé pa àwọn méjèèjì kó tó di pé wọ́n rí wọn gbà.

Delta Force fúnra wọn jìyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde. Oṣù kẹrin ọdún 1980, wọ́n ń lọ gba àwọn ará wọn tó wà nígbèkùn sílẹ̀ ní Tehran, nílẹ̀ Ìráànì. Hẹlikópítà mẹ́jọ gbéra, eruku aṣálẹ̀ dà wọ́n láàmú, mẹ́fà ló dé ibi ìpàdé, ọ̀kan nínú wọn sì bàjẹ́. Iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìsí mẹ́fà, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n padà. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́, hẹlikópítà kan rọ́ lu bàálù kan. Èèyàn mẹ́jọ jóná mọ́ aṣálẹ̀, wọn kò sì tíì rí ọ̀tá kan sójú.

Ìbéèrè (àgbà kan tó ń ka ìwé ìròyìn): Àwa ńkọ́? Ṣé a ní irú wọn?

Ìdáhùn: A ní, bàbá. Lóṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wa gba ọkọ̀ ìpẹja Hailufeng 11, tí àwọn olè orí omi já gbà létí òkun Côte d'Ivoire. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 18 jáde láàyè, ilé ẹjọ́ sì rán olè mẹ́wàá lọ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways gbà lọ́dún 1993 nítorí ìbò June 12, Niamey ló balẹ̀ sí, àwọn jáńdáàmù, ọlọ́pàá ológun orílẹ̀-èdè Niger, ló sì wọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù kan kú.

Àwọn Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti ṣe é lórí ilẹ̀ wa. Oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ajínigbé jí ọmọ ilẹ̀ wọn kan gbé ní abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n gbé e sọdá sí àríwá Nàìjíríà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn SEAL, ọmọ ogun ojú omi wọn, fi wá gbé e lọ. Lọ́wọ́ kejì, àwọn tí wọ́n jí gbé nínú ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022 wà nínú igbó títí di oṣù kẹwàá kí àwọn 23 tó gbẹ̀yìn tó jáde. Ó dùn mí gan-an. Èmi ò gbà pé ìgboyà ló wọ́n àwọn sójà wa. Ohun tó wọ́n wọn ni pé ẹni tó mọ igbó àti ẹni tó ní ìbọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ ipa ọ̀nà oko wa, àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ta ló ń bi wọ́n léèrè?

Ìbéèrè (ìyá kan tó ń ta ata ní Odò-Ògbè): Ká má rí i o. Àmọ́ tí mo bá wà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn sójà wá, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àṣẹ, ìyá mi, a ò ní rí i. Ẹ dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ má dìde. Kẹ́ ẹ má sáré lọ dì mọ́ wọn. Ní Entebbe, àwọn sójà ń pariwo pé kí gbogbo èèyàn dùbúlẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 19 kan dìde, ó ṣeé ṣe kí ayọ̀ ló mú un dìde. Àwọn tó wá gbà á ló yìnbọn fún un, wọ́n ṣèèṣì pè é ní agbébọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín méjèèjì. Tí wọ́n bá sì dè yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbà yín, ẹ má bínú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo àwọn tí wọ́n gbà ni wọ́n dà dé orí koríko lẹ́yìn ilé, tí wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbébọn kẹfà wà láàárín wọn.