Ìwé-Ẹ̀rí Ìkọ́ṣẹ́ Olùkọ́: Kí Ni PGDE, Ta Ni Ó sì Yẹ Kí Ó Lọ Gbà Á?

Nínú gbogbo orúkọ tí àwọn akọ̀wé òde òní ti gbìyànjú láti fi pe PGDE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tí ó ti gboyè àkọ́kọ́ láìkọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ gbà kí ó lè di olùkọ́, ní èdè wa, èyí tí ó ń bí mi nínú jù lọ ni "dípúlómà ẹ̀yìn-oyè nínú ẹ̀kọ́". Ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, Postgraduate Diploma in Education, ó tú u ní eyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Èkìtì tí kò sí ìlú tí kò ní ọba àti ìjòyè tirẹ̀, bí ènìyàn bá gbọ́ "ẹ̀yìn-oyè", ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti rọ ẹnì kan lóyè. "Nínú ẹ̀kọ́" tún wá burú ju ìyẹn lọ, nítorí kò sí dípúlómà kan láyé yìí tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni a fi gbà á. Bí ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bá sì yọ àmì kúrò, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá Èkó ni wọ́n ń sọ tàbí ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Àwọn mìíràn ń pè é ní "dípúlómà gíga ti olùkọ́". Irọ́ ni. PGDE kò ga ju oyè àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tí oyè ọ̀mọ̀wé fi ga jù ú. Àfikún oyè àkọ́kọ́ ni. Èyí tí ó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀ ni "ìwé-àṣẹ ìkọ́ni", ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó léwu jù, nítorí ó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí TRCN, ni Òfin 31 ti ọdún 1993 gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó gba PGDE ṣì ní láti ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀ náà, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó lè sọ pé òun gba àṣẹ. Bí a bá wá pe èyí tí yunifásítì fún un ní ìwé-àṣẹ, yóò gbé e relé, yóò fi í sínú férémù, yóò sì gbà pé ó ti parí.

Èmi ń pè é ní ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́, n kò sì ní yí i padà. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe àṣẹ. Ìkọ́ṣẹ́ ni, kì í ṣe ìmọ̀ ìwé lásán. Iṣẹ́ olùkọ́ ni a sì dárúkọ níbẹ̀, kì í ṣe "ẹ̀kọ́" tí kò ní ojú tí kò ní imú. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè bí tèmi ti bá mi jiyàn pé àbùkù ni láti so ẹni tí ó ti gboyè ní yunifásítì mọ́ ìkọ́ṣẹ́, bí ẹni pé ọmọdé tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè gbà kí a pè é ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún ọdún kan, kí ó fi owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni náà tún sọ pé NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń fúnni, àti B.Ed., oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́, pẹ̀lú jẹ́ ìkọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ti ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí, n kò sì rí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú.

Ohun tí ó ń jẹ́ PGDE gan-an kò ṣòro. Ẹ wo obìnrin tí ó ti ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Adó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ àǹkárá tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí, ó mọ léèsì tí kò ní pẹ́ tú, ó sì lè fi ojú lásán díwọ̀n ọ̀pá márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ pé kí ó gé bùbá fún ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, aṣọ náà yóò ṣòfò. Ó mọ aṣọ dájúdájú. Ara tí aṣọ yóò wọ̀ ni kò tíì kọ́ bí a ti ń wọ̀n. Bí ó bá wá gba ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ, wọn kò ní kọ́ ọ ní orúkọ aṣọ mọ́, nítorí ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì tàbí ìmọ̀ ọrọ̀-ajé gboyè tí ó wá fẹ́ di olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kọ́ kẹ́mísìrì ní PGDE.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí ọkàn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, bí a ti ń to kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù, bí a ti ń ṣètò ìdánwò tí yóò fi ohun tí ọmọ mọ̀ hàn, àti ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan tí ó ju gbogbo wọn lọ ni TP (Teaching Practice), ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí wọn yóò rán olúwarẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, tí olùkọ́ yunifásítì yóò sì wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì láti wò ó. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ NTI (National Teachers' Institute) ti Kaduna, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ta wá ni ó yẹ kí ó lọ? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló jẹ́ pé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni ó sọ wọ́n di tíṣà: wọ́n rán wọn lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ẹ̀fọ̀n, iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì bọ́ sí ilé-ìwé àdáni lẹ́yìn náà. Bí irú wọn bá fẹ́ wọ iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba, wọ́n nílò ìwé yìí, nítorí ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé NCE ni ó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní, oyè tí kò ní iṣẹ́ olùkọ́ nínú kò sì dí àlàfo yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe M.Ed., oyè kejì nínú iṣẹ́ olùkọ́, láìní B.Ed. yóò gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní B.Ed. tàbí B.Sc.Ed. kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀, nítorí ó ti kọ́ aṣọ àti rírán rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ di olùkọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, kí ó wá M.Sc. rẹ̀ lọ. Ní ti ẹni tí ó kàn ń dúró de ìgbà tí báńkì yóò pè é, èrò mi ni pé kí ó má ṣe lọ rárá. Ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ kò ní ṣe é láǹfààní, kò sì ní ṣe àwọn ọmọ tí yóò fi ṣe TP láǹfààní.

Àwọn tí ojú wọn wà lókè òkun náà ń bèèrè. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè tọrọ QTS, ìyẹn ìdánimọ̀ olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè òkèèrè nìkan ni wọ́n ń gbà láti ọ̀dọ̀ wa, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16, wọn yóò sì bèèrè ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ àti ìwé TRCN. Ní Scotland, orúkọ kan náà, PGDE, ni wọ́n ń pe tiwọn, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó gba ti Adó kò tíì gba ti Glasgow.

Kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ lọ bi ọ̀gá ilé-ìwé yín bóyá yóò dá yín sílẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ TP, bóyá yóò sì san owó oṣù yín pé. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àdáni kan wà tí wọn yóò fi ẹnu gbà, tí wọn yóò sì ti fi ẹlòmíràn sí kíláàsì yín kí ẹ tó padà dé. Bí ẹ bá rí i pé kò ní gbà, ẹ wá PGDE tí wọ́n ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi gígùn, kí ẹ sì bèèrè ṣáájú bóyá wọn yóò jẹ́ kí ẹ ṣe TP náà ní ilé-ìwé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.