Ẹnu Ọ̀nà Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ṣe Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Ọ̀nà Jíjìn

Bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ojú irin bá délẹ̀ láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìkòròdú, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé ìwúwo kẹ̀kẹ́ ni àwọn rélùwéè ń sá fún. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tí kò ní mọ́tò kì í sábà ju kílò 15 lọ. Kóòṣì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ojú irin, kí èrò kankan tó wọ inú rẹ̀, ń wọn tọ́ọ̀nù 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa irú ẹrù yẹn kò lè mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò sí.

Àwọn mìíràn á ní ààyè ni. Ìyẹn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ sí, wọn ò ní lè ta àga níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ààyè ṣeé fowó rà: ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á san owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ohun tí owó kò lè rà ni ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí ọkọ̀ fi ń dúró ní ibùdó. Àsìkò yẹn ni gbogbo òfin tí àwọn rélùwéè ṣe lórí kẹ̀kẹ́ ń dáàbò bò. Ẹni tó bá fi ojú yìí wo àwọn òfin náà á rí i pé wọ́n nítumọ̀, títí kan àwọn tó dà bí ìkà.

Ẹni tó bá ń wọ dáńfó láti Gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Mile 12 ti mọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni mowó. Kọ̀ǹdọ́ kì í bínú sí ẹrù nítorí pé ó tóbi. Kó tó fọwọ́ kàn án rárá, ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ìyá, níbo lẹ ti máa bọ́lẹ̀?" Tó bá jẹ́ Mile 12, á ti ẹrù náà sábẹ́ àga ẹ̀yìn pátápátá, ó ku owó ẹrù. Tó bá jẹ́ Ògòlóńtó tàbí Màjídùn, tó wà láàárín ọ̀nà, ojú rẹ̀ á yí padà. Ó mọ̀ pé tí ìyá yẹn bá pariwo "Màjídùn, ó wà o!" láti ẹ̀yìn, àwọn tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn á ní láti bọ́lẹ̀, ẹrù á gba orí èèyàn kọjá, ẹni tí ẹrù gbá létí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, dáńfó tó wà lẹ́yìn á sì ti ya wọn sílẹ̀ lọ kó èrò Ajégúnlẹ̀. Ẹrù kan náà ni, ìwọ̀n kan náà. Ibi tí wọ́n ti máa sọ ọ́ kalẹ̀ ló yí ìdájọ́ padà. Kọ̀ǹdọ́ tó bá mọṣẹ́ ti máa ń to ọkọ̀ rẹ̀ láti gáréèjì: ẹrù Mile 12 wọnú, ẹrù Agric dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ bọ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà kò gbọdọ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn rélùwéè Yúróòpù ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò ju ohun tí kọ̀ǹdọ́ yìí ń fi orí ara rẹ̀ ṣe lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dáńfó lè ya dáńfó sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kò lè ya ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín ojú irin sí abala abala, iná sì ń ṣọ́ ẹnu abala kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wà nínú abala kan. Tí ọkọ̀ iwájú bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe ohun tó yẹ kó fi méjì ṣe, iná pupa á dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró nínú ìgbẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn ìyẹn náà á dúró. Èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn ní ibùdó tó wà níwájú á pàdánù rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ há sẹ́nu ọ̀nà lè ba ìrìn àjò àwọn tí kò rí i sójú rí jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ sì mọ bí a ṣe ń há. Ó gùn tó mítà 1.8 tàbí kó dín díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, pẹ́dà yọ jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ọ̀nà jíjìn ní, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àga ni wọ́n fẹ́ kó pọ̀. Tí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ bá wọlé, ó gbọ́dọ̀ yí sápá kan lójú ẹsẹ̀ kó tó lè kúrò lọ́nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tó ti ń yí yẹn ni wàhálà wà. Tí àtẹ̀gùn bá tún wà láàárín pèpéle tí èrò ń dúró sí àti ọkọ̀, ó di pé kó gbé kẹ̀kẹ́ sókè kó tó yí i.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ gba ààyè sílẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ni wọ́n kàn fẹ́ fi í gbà. Ẹ wo ọkọ̀ ICE 4 ti ilẹ̀ Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2017. Ààyè kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì wà, ní kóòṣì tó wà ní ìkángun. Ọkọ̀ yìí, èyí tó ní kóòṣì 12, gùn ju mítà 340 lọ. Ẹni tó bá dúró sí ìkángun òdìkejì nígbà tí ọkọ̀ wọlé á ní láti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré gba àárín èrò àti àpótí la gbogbo gígùn yẹn já, ìṣẹ́jú méjì ló sì ní. Nọ́ńbà kóòṣì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ààyè yẹn ló níye lórí jù. Wọ́n pín pèpéle sí A, B, C lọ bẹ́ẹ̀, pátákó á sì ti sọ ibi tí kóòṣì kọ̀ọ̀kan máa dúró sí. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ti wà níwájú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Sáré-sáré inú èrò ti tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ètò yìí gbọ́n, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkọ́ ni kò gbọ́n. Láti fi ààyè pamọ́, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ kọ́ sókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn Great Western Railway tí wọ́n kó jáde ní 2017 ní kọ́bọ́ọ̀dù tóóró tí kẹ̀kẹ́ ń dúró lóòró nínú rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n wá gba ipò rẹ̀, tó ti ń sáré láti 1976, ní yàrá ẹrù ní ìkángun, tí kẹ̀kẹ́ ti ń fi táyà méjèèjì tẹlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìkọ́ ń béèrè. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ tú báàgì tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ tó gbé báàgì kò ní wọlé. Á fi táyà ẹ̀yìn tẹlẹ̀, á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, á fi ọwọ́ kejì ti abẹ́ àga rẹ̀, á wá gbé iwájú sókè títí rímù á fi bọ́ sínú ìkọ́. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tún wọ inú ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́ á máa fì bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Táyà tó sanra kì í wọ ìkọ́ yẹn. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pa dé. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tó lè wọn tó kílò 25, ta ni ìyá àgbà kan máa bẹ̀ kó bá a gbé e sókè? Tí kẹ̀kẹ́ kejì bá wá dé, ó ní láti wọ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, pẹ́dà rẹ̀ á há sínú sípóòkù ẹlòmíràn. Tí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló sì máa kọ́kọ́ bọ́lẹ̀, ti ìta gbọ́dọ̀ jáde kí ti inú tó lè jáde. Màjídùn, ó wà o! Gbogbo iṣẹ́ yìí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ní àsìkò tó wọ́n jù nínú ìrìn àjò. Ìkọ́ fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ pamọ́, ó fi ìṣẹ́jú san án padà.

Àwọn tó ronú jinlẹ̀ ń gbé iṣẹ́ yìí kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn Amtrak tó ní kóòṣì ẹrù, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ lè yọ pẹ́dà, kó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tì í sínú páálí ńlá, kó sì fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ibùdó. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà wọlé, èrò ń gba tiwọn, kò sẹ́ni tó ń di ẹnì kejì lọ́nà. Ilẹ̀ Faransé ní ti àwọn: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá tú sínú àpò tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 130 lọ, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju 90 lọ, ti di ẹrù ọwọ́. Ní Scotland, rélùwéè ScotRail ya odindi kóòṣì sọ́tọ̀ ní 2021 fún ọ̀nà Glasgow sí Oban, kẹ̀kẹ́ 20 ló ń gbà. Ọ̀nà tó rẹwà ni ìyẹn, àwọn tó ń wá síbẹ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ sì pọ̀ tó láti kún un.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe é tó ilẹ̀ Jàpáànù. Níbẹ̀, ọkọ̀ ń sáré lé ara wọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, òfin kan ṣoṣo ló sì wà: kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò pátápátá, táyà tàbí àga rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ jáde. Àpò náà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 2 lọ, bí a bá ro gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 250, kò sì gbọdọ̀ ju kílò 30. Ẹni tó bá pa òfin yìí mọ́ kò san kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀ rẹ̀. Níta ibùdó, ẹ máa rí wọn lẹ́bàá ògiri: wọ́n á yí kẹ̀kẹ́ dorí kodò, wọ́n á tú táyà méjèèjì, wọ́n á fi okùn dì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á wá fa àpò bò ó bí ẹni wọṣọ fún un. Ẹni tó ti mọ́ lára kì í pẹ́ nídìí rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ pẹ́, ara rẹ̀ nìkan ló ń pẹ́ fún, ọkọ̀ kò tíì dé. Ohun tó wá ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá kò ní ọwọ́ tó yọ, kò ní pẹ́dà, kò ní ṣéènì tó ń ta gírísì sí aṣọ èèyàn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 lórí ẹ̀tọ́ èrò ọkọ̀ ojú irin sọ pé ọkọ̀ tuntun, tàbí èyí tí wọ́n bá tún ṣe láti ìpìlẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ààyè kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ó kéré tán. Ó dára, ṣùgbọ́n iye ààyè ló ń kà. Rélùwéè tó bá fi ìkọ́ mẹ́rin sí kọ̀rọ̀ ti pa òfin mọ́, èrò á sì tún máa jà lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú irin kò dé Ìkòròdú, Ebute-Mẹ́ta tàbí Agége ni ará ibí ti lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà yẹn, kìlómítà 157 láti Ebute-Mẹ́ta dé Mọ́níyà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2021, ní ohun kan tó lè mú kí kẹ̀kẹ́ rọrùn níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ: orísun àti òpin ni ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ ń lọ. Ní orísun, ọkọ̀ ti wà lórí ìdúró kí àsìkò tó tó. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ lè wọlé kí èrò tó dé, kó sì bọ́lẹ̀ ní Mọ́níyà lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ tán. Lójú tèmi, kóòṣì ìkángun kan tí wọ́n yọ àga díẹ̀ nínú rẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ á máa fi táyà méjèèjì tẹlẹ̀, tó fún àwọn tó ń lọ láti ìkángun dé ìkángun. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Omi-Adió, kó di tirẹ̀ sínú àpò láti ilé, pẹ̀lú sípánà tó máa fi tò ó padà.