Ìsọ̀ ìwé àti ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìdókòwò ní Amẹ́ríkà

Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀nà méjì ti wà tí wọ́n ń gbà ta ìwé tuntun ní Amẹ́ríkà, owó kì í sì í rìn bákan náà nínú wọn. Barnes & Noble àti Borders ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìsọ̀ ìwé; Amazon ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òwò tó lérè ni ìsọ̀ ìwé jẹ́ tẹ́lẹ̀. Leonard Riggio ra Barnes & Noble ní New York ní 1971, ó sọ ọ́ di ilé ìtàwé ẹlẹ́ka púpọ̀, ìpín ìdókòwò rẹ̀ sì bọ́ sọ́jà ní 1993. Ní 1971 kan náà ni Tom àti Louis Borders, ọmọ ìyá méjì, ṣí ìsọ̀ tiwọn ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ohun tó ń dáàbò bo òǹtàwé ni pé àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde máa ń gba kùtà padà, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé lè jókòó sórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí oníbàárà tó mú un, bẹ́ẹ̀ owó iná àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í dúró. Owó ilé ló tún le jù. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n máa ń fi gba ilé, bí ọjà bá sì kú, onílé ṣì ń retí owó rẹ̀.

Jeff Bezos dá Amazon sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1994, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oníbàárà ń sanwó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Amazon tó san ti alágbàtà àti atẹ̀wéjáde. Ó ń rà láwìn, ó ń tà lówó. Bí ọjà ṣe ń yá sí i ni owó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ náwó sórí ilé, pẹpẹ àti ìwé kí ẹ̀ka tuntun tó ta ẹyọ kan. Ẹ̀dínwó tí Amazon ń ṣe lórí ìwé ni àwọn ènìyàn máa ń tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ibi àwìn yìí gan-an ni agbára òwò náà wà. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1992 tún ràn án lọ́wọ́: ìpínlẹ̀ kò lè fipá mú òǹtàjà tí kò ní ilé tàbí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ láti gba owó orí ọjà lọ́wọ́ oníbàárà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yí i padà.

Èrè kò tètè dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, nígbà tí ìpín Amazon kọ́kọ́ bọ́ sọ́jà, dọ́là 18 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 1999, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ìpín kan sí 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá dọ́là 100. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án 2001, ó ti já wá sí bíi dọ́là 6. Òpin ọdún yẹn ló kọ́kọ́ jèrè, mílíọ̀nù dọ́là 5 péré. Ẹni tó fara dà á rí ìpín kan tó rà ní 1997 tí wọ́n pín sí 240 nígbà tó fi máa di 2022. Àmọ́ kò tọ́ kí á ka gbogbo ọrọ̀ yẹn sí ti ìwé, nítorí láti 2006 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ yá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lò, iṣẹ́ yìí sì wá di orísun èrè ńlá fún un.

Borders fi ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lé Amazon lọ́wọ́ ní 2001. Lẹ́yìn ọdún 10, ó wọ gbèsè, ó sì ti gbogbo ìsọ̀ 399 tó kù.

Barnes & Noble kò kógbá sílé. Ìṣirò rẹ̀ fún onípìn-ín gba sùúrù, nítorí ó pín èrè fún wọn, ó sì tún pín ìpín GameStop, ilé ìtà eré orí kọ̀ǹpútà, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn ní 2004. Ní 2019, Elliott, ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan, rà á ní dọ́là 6.50 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. James Daunt, ẹni tí Elliott fi ṣe olórí rẹ̀, gbà kí ọ̀gá ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa yan ìwé tí àdúgbò rẹ̀ ń kà, ẹ̀ka tuntun sì tún ń ṣí. Ìgbà tí Elliott rà á ni ìpín rẹ̀ kúrò lọ́jà.