Ọdún Wo Ni Wọ́n Bí Màmá Àgbà?

Bí ọmọ bá gbé fóònù síwájú màmá tàbí bàbá àgbà n'Íbàdàn láti gba ìtàn ilé sílẹ̀, kì í pẹ́ tí nǹkan á fi dàrú mọ́ ọn lójú. Ọjọ́ orí ò bára mu, orúkọ ò bára mu, owó ò bára mu. Ohun tí àwọn ọmọ sábà máa ń bèèrè nìyí.

Ìbéèrè: Màmá ní àwọn jẹ́ ẹni ọdún 78. Nígbà tó yá, wọ́n ní 81. Ìwé wọn sọ 75. Ṣé wọ́n ti ń gbàgbé ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ò ní ìwé ìbí. Tíṣà á ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka bá kan etí òsì, ó ti tó wọ ilé ìwé nìyẹn. Ọmọ tí apá ẹ̀ gùn lè kàn án lọ́mọ ọdún márùn-ún, kí èyí tí apá ẹ̀ kúrú ṣì máa dúró nílé lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Iye tí tíṣà bá fojú díwọ̀n ló ń wọ rẹ́jísítà. Òun náà ni wọ́n tún lọ ń búra sí ní kóòtù nígbà tí iṣẹ́ ìjọba bá yọjú, ẹlòmíì a sì gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó má bàa tètè fẹ̀yìn tì. Ní tèmi, ẹnu màmá ni mo máa kọ́kọ́ gbà gbọ́, kí n tó gba ìwé gbọ́.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe wá fẹ́ mọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má bi wọ́n léèrè ọdún rárá. Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, nígbà tí Adélabú kú, ibo lẹ wà? Ta lẹ pọ̀n?" Adégòkè Adélabú, olóṣèlú tí Ìbàdàn ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 25 oṣù kẹta 1958, ìlú sì gbóná. Bí wọ́n bá ní àbúrò àwọn làwọn pọ̀n sá wọlé lọ́jọ́ náà, tí kò tíì rìn, 1957 ni wọ́n bí àbúrò yẹn, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1958.

Ìjà òṣèlú tí wọ́n ń pè ní Wẹ́tìẹ̀ bọ́ sí ìparí 1965 wọ oṣù kìíní 1966. Ti Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀, jẹ́ 1968 sí 1969, ẹni tí bàbá rẹ̀ sì dá kòkó lóko ò lè gbàgbé wàhálà owó orí yẹn. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ dírẹ́bà, ẹ bi wọ́n nípa 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ o, wọ́n á fẹ́ fọwọ́ ṣàpèjúwe.

Omíyalé Ògùnpa nìkan lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ti 31 oṣù kẹjọ 1980 lẹnu ń kùn sí jù, nítorí èèyàn àti ilé tó gbé lọ, ṣùgbọ́n odò náà ya ní oṣù kẹrin 1978 pẹ̀lú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń jẹ àgbàdo nígbà náà, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn ín.

Ìbéèrè: Wọ́n ní sísì làwọn fi ra ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ṣáájú náírà nìyẹn, àbí?

Ìdáhùn: Kò dájú. Náírà dé ní 1 oṣù kìíní 1973, sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ di márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ò yí padà. Kọ́bọ̀ márùn-ún ṣì ń jẹ́ sísì fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá dárúkọ kọ́bọ̀, tí wọ́n ní ó lu láàárín, pẹ́nì àtijọ́ ni.

Ìbéèrè: Ta ni Akọ̀wé? Ta ni Ìbàdí-àrán? A ò rí wọn láàárín ẹbí.

Ìdáhùn: Ẹ ti rí wọn, ẹ ò mọ̀ ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá nílé nígbà tó wọlé. Ó máa ń sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀ ni. Akọ̀wé yẹn lè jẹ́ bàbá tó ń gbé ní ilé kejì sí yín. Ẹ pe ẹnì kan tí wọ́n bí sí agboolé yẹn, bí àbúrò bàbá àgbà lóbìnrin, kí wọ́n jókòó ti màmá. Wọn ò ní fi orúkọ kankan bò, wọ́n á sì máa ṣàtúnṣe fún màmá láìbẹ̀ wọ́n. Ariwo àríyànjiyàn wọn gan-an ló máa ń dùn jù nínú ohun tí fóònù gbà.

Ìbéèrè: Ṣé a lè bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ ní kí wọ́n máa dárúkọ wọn láti orí àkọ́bí. Bí Málọmọ́ tàbí Dúrójayé bá yọ níbẹ̀, á ti yé yín pé ẹnì kan ti wá lọ ṣáájú ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ká fi sórí WhatsApp ẹbí?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko àti ẹni tí oyè Mọ́gàjì kàn máa ń jáde níbi tí ẹ ò fọkàn sí, ó sì ti tó dá ìjà sílẹ̀. Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ bi màmá pé ta ló lè gbọ́ ọ, kí ìdáhùn wọn sì wà nínú ohun tí ẹ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á kọ sórí flash méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín.