Ibi tí ìdánwò tó ń wá òye nínú kọ́ọ̀sì Sítátísíìkì ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì Sítátísíìkì àkọ́kọ́ ní yunifásítì á mọ ìdánwò àtijọ́ yẹn dáadáa: wọ́n á to nọ́ńbà bíi mélòó kan sílẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá mean (ìpíndọ́gba), kẹ́ ẹ wá standard deviation (bí àwọn nọ́ńbà ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó), kẹ́ ẹ ṣe t-test (ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba méjì kì í ṣe èèṣì), ó tán. Tẹ́ ẹ bá ti há fọ́múlà sórí tí ọwọ́ yín sì yá lórí kalikulétọ̀, màkì ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn olùkọ́ fi gbà pé ẹni tó bá gba A nínú irú ìdánwò yìí ti mọ Sítátísíìkì nìyẹn, ìwọ̀nba èèyàn ló ń bèèrè bóyá ohun tó ṣírò yẹn yé e. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe inú yàrá ìdánwò Sítátísíìkì ni àléébù náà ti kọ́kọ́ hàn kedere, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí ọmọ èèyàn ṣe ń ronú ni.

Amos Tversky àti Daniel Kahneman ni, onímọ̀ èrò ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì làwọn méjèèjì. Ní 1971 wọ́n gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi hàn pé àwọn olùwádìí gan-an, àwọn tó ti kọ́ Sítátísíìkì tí wọ́n sì ń fi í ṣiṣẹ́, máa ń gbára lé sáńpù kékeré, ìyẹn ìwọ̀nba èèyàn tàbí nǹkan díẹ̀ tí wọ́n yàn ṣàyẹ̀wò, ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìbéèrè ilé ìwòsàn jáde, ó sì lọ báyìí: ìlú kan ní ilé ìwòsàn méjì, nínú èyí tó tóbi nǹkan bí ọmọ 45 ni wọ́n ń bí lójúmọ́, nínú èyí tó kéré nǹkan bí 15. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ló ń jẹ́ ọkùnrin, àmọ́ ó lè pọ̀ lónìí kó dín lọ́la. Fún odidi ọdún kan ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń ṣàmì sí ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá ti ju 60% lọ nínú àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Èwo nínú méjèèjì ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa pọ̀ jù níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ 95 ló dáhùn. Àwọn 53 ní ọgbọọgba ni, àwọn 21 mú èyí tó tóbi, 21 péré ló mú èyí tó kéré, òun gan-an sì ni ìdáhùn. Ẹ wò ó ná: nílé ìwòsàn kékeré, tí 10 nínú ọmọ 15 bá ti jẹ́ ọkùnrin ó ti kọjá 60% nìyẹn, ọmọ méjì sí mẹ́ta péré ló sún un kúrò ní ìdajì, ìyẹn ò sì ṣòroó ṣẹlẹ̀ rárá. Nínú èyí tó tóbi ó di dandan kó tó 28 nínú 45, ìyẹn ti fi bí ọmọ mẹ́fà ju ìdajì lọ. Kò sí fọ́múlà kankan nínú ìbéèrè yìí, kalikulétọ̀ ò wúlò, síbẹ̀ ìdáhùn tí èèyàn bá mú ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nípa sáńpù kékeré àti ńlá, mi ò sì mọ ìdánwò ẹlẹ́kalikulétọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó ti àwọn olùkọ́ dé ibi ìdánwò tó ń wá òye ni kọ̀ǹpútà. Ní 1972 yìí kan náà làwọn olùkọ́ ní Penn State ní Amẹ́ríkà ṣe Minitab, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣe ìṣirò Sítátísíìkì, nítorí àwọn tó ń kọ́ Sítátísíìkì gan-an ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti lè gbé standard deviation jáde kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kí wá ni ìdánwò tó ní ká fi ọwọ́ ṣírò ẹ̀ ń wá?

Cliff Konold ní University of Massachusetts àti Joan Garfield ní University of Minnesota wá mú ohun táwọn onímọ̀ èrò ẹ̀dá ti rí, wọ́n sọ ọ́ di ìdánwò gidi, òun ni Statistical Reasoning Assessment, SRA, ìbéèrè objective 20. Mo fẹ́ràn èyí tí wọ́n ṣe nípa òjò nínú ẹ̀: àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lọ tú àkọsílẹ̀ wọn wò, wọ́n ṣa gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti kéde pé 70% ni òjò fi lè rọ̀, ìgbà wo la máa sọ pé ìkéde yẹn péye gan-an? Ṣé tójò bá rọ̀ ní 95 sí 100% àwọn ọjọ́ náà ni, àbí 65 sí 74%? Ẹni tó bá mú 95 sí 100%, bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé òjò á rọ̀ dandan ló ṣe gbọ́ 70% yẹn. Wọn kì í sì kàn fún ìdáhùn náà ní òdo kí wọ́n kọjá lọ, SRA ní ìwọ̀n 8 fún ìrònú tó tọ́ àti 8 mìíràn fún àṣìrò, nítorí náà olùkọ́ á rí irú àṣìrò tó gbilẹ̀ ní kíláàsì ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò dúró síbi kan ṣá. Àwọn onífísíìsì ní Arizona State ti ń ṣe tiwọn, David Hestenes àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé Force Concept Inventory, ìdánwò tó ń wá òye nípa force nínú físíìsì, jáde ní 1992, òun làwọn kan ní University of Oklahoma wò tí wọ́n fi ṣe Statistics Concepts Inventory. Ní 1992 náà ni George Cobb, olùkọ́ Sítátísíìkì ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn tó ní kí kọ́ọ̀sì Sítátísíìkì dín fọ́múlà kù, kó fi dátà àti òye kún un. Nígbà tí ìdánwò AP Statistics bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997 fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó fẹ́ gba kírẹ́díìtì yunifásítì, ìbéèrè theory mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní màkì láti 0 dé 4 lódindi. Nínú irú màkì yìí, àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ló wúwo jù, ìṣirò tó tọ́ tí kò ní àlàyé nídìí kò lè gba 4. Lójú tèmi ohun ńlá nìyẹn, tórí iye àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà pọ̀, ohun tí wọ́n bá sì ń fún ní màkì làwọn olùkọ́ máa ń kọ́ ọmọ.

Ìgbà tó di 2000 sókè ni Garfield, Bob delMas tí wọ́n jọ wà ní Minnesota, àti Beth Chance ní Cal Poly kó ARTIST jọ, àkójọ ìbéèrè àti ìdánwò Sítátísíìkì tí olùkọ́ lè lò, owó National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí, ló gbé e ró. Inú ẹ̀ ni CAOS ti jáde, ìbéèrè 40 tó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ibi yòówù kó ti ṣe é. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2007 ló yẹ kí gbogbo olùkọ́ kà: akẹ́kọ̀ọ́ 763 ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n tún ṣe é ní ìparí, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 44.9% kí wọ́n tó kọ́ nǹkan kan, lẹ́yìn odidi kọ́ọ̀sì ó di 54.0%. Màkì mẹ́sàn-án péré ló fi lé! Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí kì í ṣe pé àwọn ọmọ yẹn ya ọ̀lẹ. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa ìdí tá a fi ń pín àwọn tó wà nínú ìwádìí sí ẹgbẹ́ láìṣojúsàájú, ìyẹn ni pé káwọn ẹgbẹ́ náà lè jọra kí ìfiwéra tó wáyé. Ìwọ̀nba kékeré ló gbà á kí wọ́n tó kọ́ ọ, ìwọ̀nba kékeré náà ló gbà á lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rí pé oògùn kan ń ṣiṣẹ́ dúró sí.

Ọdún méjì ṣáájú, ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn onísítátísíìkì Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí GAISE, ìlànà nípa bó ṣe yẹ ká máa kọ́ni ní Sítátísíìkì, tó ní kí ìdánwò máa ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, kó má kàn jẹ́ fún màkì lásán. Wọ́n tún un ṣe ní 2016. Ní Hope College ní Michigan ni mo ti rí i pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ yẹn lò pátápátá: wọ́n yí kọ́ọ̀sì wọn padà, wọ́n fi dídà dátà pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà léraléra rọ́pò fọ́múlà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ test of significance (àyẹ̀wò bóyá àbájáde kan kì í kàn ṣe èèṣì), wọ́n wá fi CAOS wọn àwọn tó gba ọ̀nà tuntun àtàwọn tó gba ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ti ọ̀nà tuntun ṣe dáadáa jù lórí test of significance àti bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìwádìí, nígbà tí wọ́n sì padà lọ bá wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ohun tí wọ́n ṣì rántí lórí àwọn apá méjì yìí ju tàwọn yòókù lọ.