Ọlọ́pàá mú un, ṣé ó ti di ọ̀daràn nìyẹn?

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo fi dáhùn àwọn ìbéèrè yìí. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe òfin tuntun ní Nàìjíríà lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ mú afurasí, tì í mọ́lé, kí wọ́n sì bá a ṣẹjọ́, lọ́dún 2007. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn nǹkan kan lè yàtọ̀, àmọ́ ohun tí mo bá ti sọ pé ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, kò síbi tí kò dé.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá. Kí ló wá kan ìpínlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ olè?

Ibí gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Abẹ́ Àbújá ni ọlọ́pàá wà lóòótọ́, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ ni ẹni tó jí ọ̀kadà ní Ìkòròdú rú. Kóòtù Ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò ti jẹ́jọ́. Oògùn olóró àti ìgbésùnmọ̀mí ni ti àpapọ̀, ìyẹn ní kóòtù tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lugard ló fi òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni òfin Queensland ní Ọsirélíà. Ẹni tó jí ewúrẹ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ń jẹ́jọ́ lábẹ́ òfin tí wọ́n kọ fún àwọn darandaran òkè òkun! Ní 2011 ni Èkó tó kọ tirẹ̀.

Bí gbogbo àdúgbò bá gbà pé ohun tí mo ṣe burú, ṣé wọ́n lè fi tì mí mọ́lé?

Rárá, àfi bí òfin kan bá wà ní kíkọ sílẹ̀ tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ìyà tó tọ́ sí i. Abala 36 ìwé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ kan bu owó ìtanràn lé obìnrin kan lórí nígbà kan nítorí pé ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn. Ní 1961, ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé e: kò sí òfin kíkọ ní gúúsù tó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ìjọba. Kí àwọn ẹbí ọkọ máa bínú lọ, ìyẹn ò kan ọlọ́pàá.

Ọmọ mi ni wọ́n wá wá, wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá mú èmi ìyá rẹ̀ lọ.

Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, Mà. Òfin Èkó ti 2007 kọ̀ ọ́, òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà kọ̀ ọ́. Òfin 2020 yìí kan náà sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹni tó jẹ yín lówó, ẹ pè é lẹ́jọ́. Tẹ́ṣàn kì í ṣe ilé sìngbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọye onílé àti oníṣòwò ló ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi èèyàn pamọ́ sí àtìmọ́lé?

Bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ní Èkó, ibo lèèyàn fẹ́ dúró sí tí kóòtù ò ní sún mọ́ ọn? Ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni òfin fún wọn láyè díẹ̀ sí i.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé wàhálà parí síbẹ̀. Májísírétì tí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn lè ní kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí Kìríkìrì títí ìmọ̀ràn lórí bóyá kí wọ́n bá a ṣẹjọ́ yóò fi dé láti ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Ìmọ̀ràn yẹn a máa pẹ́. Nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà, ó ju ìdajì lọ tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun.

Ó ti kọ sítétímẹ́ǹtì pé òun ló ṣe é. Kí ló tún kù?

Ó kù púpọ̀. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ afurasí kì í gbọ́ èyí lẹ́nu ọlọ́pàá. Òun ló ń sọ, ọlọ́pàá ló ń kọ, lédè òyìnbó. Ọmọkùnrin kan á ní, "Mo bá wọn níbẹ̀," ìyẹn ni pé nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti wà níbẹ̀. Bí ẹni tó mú bírò bá kọ ọ́ pé ó wà pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti sọ ẹni tó ń kọjá lọ di ọmọ ẹgbẹ́ adigunjalè. Òun náà á wá fọwọ́ sí i, nítorí kò lè kà á.

Ìdí nìyẹn tí òfin Èkó fi sọ pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà tó yàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọlọ́pàá máa ń ṣe é bí ẹni pé ìmọ̀ràn lásán ni, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 2023 pé dandan ni. Ìjẹ́wọ́ tí wọn ò gbà bẹ́ẹ̀, kóòtù ò gbọdọ̀ fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀tọ́ tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú gbogbo òfin náà, nítorí inú yàrá yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ kí adájọ́ tó rí i. Tó bá sì dé kóòtù, ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni béèlì jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ọ̀fẹ́ ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn. Ti kóòtù ló ń da àwọn èèyàn láàmú: bí adájọ́ bá ní béèlì jẹ́ 500,000 náírà, kì í sábà jẹ́ pé kí ẹ kó o sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí onídùúró yóò san ni, bí ẹni tó dúró fún bá sá lọ. Obìnrin lè dúró fún èèyàn. Òfin àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní kí ẹnikẹ́ni má lé onídùúró padà torí pé obìnrin ni.

A ò lówó lọ́yà.

Ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì kan tó ń gbèjà aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, OPD ni wọ́n ń pè é. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Ẹ sáré lọ bá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un gan-an, kí bírò tó kan ìwé.