Wọ́ọ̀dù jáwèé gbélé-ẹ fún olùdíje: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn?

Ní ilẹ̀ Okun ní Kogi, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, bí àsìkò ìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìròyìn kan wà tí kì í pẹ́ jáde: "Wọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jáwèé gbélé-ẹ fún un." Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti máa sọ ọ́ níbi ayò àti níbi ẹmu pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà ti bọ́, pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń wá ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ fẹ. Nígbà míì, olùdíje fúnra rẹ̀ á gbà pé ó ti tán, á wá lọ fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ sí.

Kò tíì tán. Agbára ẹgbẹ́ lórí ẹni tó fẹ́ díje pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà. Kí ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń mú olùdíje, tó wáyé ni ẹgbẹ́ ti lè fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá ti dìbò abẹ́lé tán, tí orúkọ sì ti dé ọ̀dọ̀ INEC, ọ̀nà méjì péré ló kù tí ẹgbẹ́ fi lè pààrọ̀ rẹ̀: kí ẹni náà kú, tàbí kó fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Abala 33 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìbò 2023, ló sọ bẹ́ẹ̀. (Òfin yẹn náà ni gbogbo nọ́ńbà abala ìdìbò tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí ti wá. Níbi tí wọ́n bá ti tún òfin ṣe, nọ́ńbà àti ọjọ́ lè yí, ẹ wo tuntun.) Ẹ ka abala náà lákàtúnkà, ẹ ò ní rí ìwé gbélé-ẹ níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí "ó ṣẹ àwọn àgbà."

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé hù, torí ìgbà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Òfin Ìdìbò ọdún 2006 gba ẹgbẹ́ láyè láti pààrọ̀ olùdíje títí di 60 ọjọ́ ṣáájú ìbò, tí wọ́n bá ti lè sọ ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sì ṣeé wádìí. Àwọn ẹgbẹ́ sọ ojú ihò yẹn di ẹnu ọ̀nà. Rotimi Amaechi ló wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní Rivers fún ìbò 2007. Ẹgbẹ́ yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi ti Celestine Omehia sí i, wọ́n ní àṣìṣe ni. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Ifeanyi Ararume ní Imo. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní "àṣìṣe" lásán kì í ṣe ìdí. Ní 25 October 2007, kóòtù náà ní kí wọ́n búra fún Amaechi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Omehia ló ti ń jókòó lórí àga gómìnà láti oṣù May. Ti Ararume gba ọ̀nà mìíràn. Kóòtù dá orúkọ rẹ̀ padà, PDP lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n ní àwọn ò ní olùdíje ní Imo mọ́, ẹgbẹ́ PPA ló sì gba ìjọba lọ. Ẹ wò ó dáadáa o: lílé tí wọ́n lé e kò gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ìbò ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí igun tó ń bínú lè ṣe fún olùdíje nìyẹn, kò sì kéré: wọ́n á jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á sì ní kí ará ilé wọn jókòó.

Òfin ọdún 2010 ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ti 2022 kò ṣí i.

Orísun kejì ìgbàgbọ́ náà kò tíì pẹ́. Ní November 2019, wọ́ọ̀dù Adams Oshiomhole ní Etsako West jáwèé gbélé-ẹ fún un, òun tí í ṣe alága APC fún gbogbo Nàìjíríà. Ní June 2020, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i, ipò alága bọ́. Ní March 2023, wọ́ọ̀dù Iyorchia Ayu ní Benue ṣe bẹ́ẹ̀ fún alága PDP, òun náà kúrò lórí àga. Láti ìgbà náà ni ẹ́síkò (ìgbìmọ̀ aláṣẹ) wọ́ọ̀dù káàkiri ti rò pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀bẹ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹran tó lè gé ló yàtọ̀. Ipò alága, ẹgbẹ́ ló ni ín. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tó dúró déédéé kò lè di ipò ẹgbẹ́ mú, wọ́ọ̀dù sì ni ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ olùdíje tó ti wà lọ́dọ̀ INEC kì í ṣe ipò ẹgbẹ́. Ó ti kúrò lábẹ́ ìwé òfin ẹgbẹ́, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin ilẹ̀.

Ká mú ìwé gbélé-ẹ kan, ká tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ojú ewé kan ni, àmì ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, ó sì sábà máa ń dé orí WhatsApp kó tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àárín rẹ̀ ni ẹ̀sùn wà, ìsàlẹ̀ ni orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lùwé wà. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka iye àwọn tó fọwọ́ sí i, ẹ fi wé orúkọ ẹ́síkò tí wọ́n yàn ní kóńgírẹ́ẹ̀sì wọ́ọ̀dù. Ṣé wọ́n pé iye tí ìwé òfin ẹgbẹ́ ní kó jókòó? Ṣé kì í ṣe igun kejì, tí kò sí lákọsílẹ̀ olú ilé ẹgbẹ́, ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹ́síkò? Ẹ wá gòkè sí àárín: ta ló kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n fi ìwé pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ọjọ́ wo ló wá sọ tẹnu rẹ̀? Bí ìpàdé bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ìwé sì jáde láàárọ̀ Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ kankan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kóòtù náà máa ń wò ó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀: ṣé ẹnu wọ́ọ̀dù tó ẹni yẹn? Ìwé òfin PDP sọ ọ́ ní gbangba pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ nìkan ló lè dá sí ọ̀rọ̀ ìbáwí tó bá kan ẹni tó wà nínú ilé aṣòfin àpapọ̀. Nítorí náà, bí wọ́ọ̀dù PDP kan ní Ìjùmú bá jáwèé gbélé-ẹ fún sẹ́nétọ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ti káńsẹ́lọ̀ tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣáá yàtọ̀, wọ́ọ̀dù lágbára lórí ìyẹn. APC ní tirẹ̀ ní pańpẹ́ kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ìwé òfin wọn ní ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ẹgbẹ́ lọ sí kóòtù láìkọ́kọ́ lo gbogbo ọ̀nà àbẹ́lé ti lé ara rẹ̀ kúrò. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn, ẹ gba ìbuwọ́lùwé pé wọ́n gbà á, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti ń bọ́ gan-an ni orí ìwé tí olùdíje fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Abala 31 ní kí ẹni tó fẹ́ yọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì fúnra rẹ̀ gbé e fún ẹgbẹ́; ẹgbẹ́ á wá fi tó INEC létí, ó pẹ́ tán, nígbà tó ku 90 ọjọ́ kí ìbò wáyé. INEC tún máa ń béèrè ìwé ìbúra kóòtù mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 14 láti ṣe ìdìbò abẹ́lé tuntun. Kò tó kí alága kàn kọ orúkọ ẹlòmíì. Ẹ máa wo kàlẹ́ńdà INEC pẹ̀lú, torí ó lè ti ilẹ̀kùn ṣáájú ọjọ́ tó wà nínú òfin. Fún ìbò 2023, 15 July 2022 ni ìyọwọ́ àti ìpààrọ̀ parí fún ààrẹ àti ilé aṣòfin àpapọ̀, ó sì di 12 August fún gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìwé gbélé-ẹ tó bá jáde lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ariwo ọjà ni.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni lẹ́tà ìyọwọ́ tí kò ní déètì. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí i kó tó gba fọ́ọ̀mù, "kí ẹgbẹ́ lè fọkàn tán an". Bí àìgbọ́ra-ẹni-yé bá wá dé, wọ́n á kọ déètì sí i. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ kó má jókòó: kó lọ sí kóòtù, kó búra pé òun kò yọwọ́, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olú ilé ẹgbẹ́ àti sí INEC, kó sì gba ìbuwọ́lùwé níbi méjèèjì. Ẹlòmíì, owó ni wọ́n á fi tàn án, pé wọ́n á dá owó fọ́ọ̀mù padà. Lọ́dún 2022, ₦20 mílíọ̀nù ni APC ta fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀, ₦10 mílíọ̀nù fún ilé aṣojú-ṣòfin. Ìbuwọ́lùwé kò ṣeé gbà padà bíi ti owó.

Ti ikú, kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà rẹ̀, àmọ́ Kogi ni wọ́n ti rí i jù. Ní 22 November 2015, lọ́jọ́ kejì ìbò gómìnà, Abubakar Audu, olùdíje APC, kú nígbà tí òun àti igbákejì rẹ̀, James Faleke, ọmọ Ẹkìnrìn-Àdé, fi ìbò 240,867 ṣíwájú 199,514 ti Idris Wada ti PDP. INEC ní ìbò náà kò tíì parí, torí 41,353 ni àlàfo àárín wọn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbi tí ìbò ò ti wáyé sì jẹ́ 49,953. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Okun gbà pé Faleke ló kàn. APC mú Yahaya Bello, ẹni tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fi ọwọ́ sí i ní September 2016. Ó dùn wá o, ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù sọ ni pé ẹgbẹ́ ló ni ìbò, igbákejì olùdíje kò sì jogún tíkẹ́ẹ̀tì.

Agbára ẹgbẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ wà ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, kì í sì í pariwo. Lábẹ́ òfin 2022, ìwé orúkọ dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn tí wọ́n yàn láti dìbò abẹ́lé fún àwọn yòókù, ni àkọ́kọ́: ẹni tó bá yan dẹ́lígéètì ti dìbò tán. Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ni èkejì. Ìfẹnukò ni ẹ̀kẹta, òun ló sì máa ń tan àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogi jẹ jù, torí a fẹ́ràn ká jókòó níwájú ọba àti àwọn àgbà, ká ní Yàgbà ló kàn, tàbí Kàbà-Bùnú àti Ìjùmú, tàbí Lọ́kọ́ja. Pípín ipò bẹ́ẹ̀ dára fún àlàáfíà, kò sì sí nínú òfin. Ohun tí abala 84 béèrè ni ìwé tí gbogbo ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì, tí àyẹ̀wò sì gbà wọlé, fi ọwọ́ ara wọn sí pé àwọn yọwọ́, àwọn sì fara mọ́ ẹni tí wọ́n mú. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ìfẹnukò ti fọ́, ìdìbò gbọ́dọ̀ wáyé. Ìpàdé ààfin kò lè rọ́pò ìwé yẹn.

Ẹni tí wọ́n bá sì fi èrú gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti pẹjọ́ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀. Èyí tó sún mọ́ wa wà ní Lọ́kọ́ja. Abala 285 nínú ìwé òfin ilẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ gan-an, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Ibi ìpẹ̀tù ni ọjọ́ yẹn máa ń jó sí: àwọn àgbà á ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, wọ́n á fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún á pé. Ẹ lọ sí ìpàdé, kí lọ́yà máa ṣiṣẹ́ lọ. Kó sì mọ irú ìwé tó máa gbé lọ: Bashir Machina ló wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé APC fún ipò sẹ́nétọ̀ Yobe North ní May 2022, ó jàre ní kóòtù méjì, ní February 2023, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ahmad Lawan, tí APC fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí INEC dípò rẹ̀, láre, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà pe ẹjọ́ náà kò bá ẹ̀sùn jìbìtì tó wà nínú rẹ̀ mu.

Igun méjì tó sì kọ̀ láti gbà fún ara wọn lè pàdánù pọ̀. Ní Zamfara, 24 May 2019, kóòtù ní APC kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu, gbogbo ìbò wọn di òfo, gbogbo ipò tí wọ́n jẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀lé wọn.

Ẹni tó ti wà lórí ipò ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ bá lé sẹ́nétọ̀, ìjókòó rẹ̀ ṣì wà. Abala 68 nínú ìwé òfin ilẹ̀ ń gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pín tàbí pa pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹni tí wọ́n lé tó sì dúró jẹ́ẹ́ kò tíì ṣẹ̀ sí i. Àwọn olùdìbò nìkan ló lè pè é padà, ìbuwọ́lùwé wọn sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní àgbègbè náà lọ. Wọ́n dán an wò fún sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní ìwọ̀-oòrùn Kogi. Nígbà tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò ní 28 April 2018, 18,742 ni ìbuwọ́lùwé tó jóòótọ́, ìyẹn ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún.